Kọ́kọ́rọ́ Ẹ̀ka Wa Kò Gbọdọ̀ Máa Gbé Lọ́wọ́ Kọ́ńtíráktọ̀

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ lóṣù yìí kì í ṣe ti owó oṣù, kì í sì í ṣe ti owó ọkọ̀. Ọ̀rọ̀ kọ́kọ́rọ́ ni. Nígbà tí a kọ́kọ́ dárúkọ rẹ̀ ní ìpàdé ẹ̀ka, àwọn kan rẹ́rìn-ín, wọ́n ní kí ló kan ẹni tó ń wa bọ́ọ̀sì tàbí ẹni tó dúró ti ẹ̀rọ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà. Àwa kò gbà bẹ́ẹ̀. Ohunkóhun tí orúkọ wa, owó wa àti ẹ̀sùn wa bá wà nínú rẹ̀, ó kàn wá.

Ẹ jẹ́ ká rántí ohun tó wà lórí ojúlé ẹ̀ka wa ní íntánẹ́ẹ̀tì. Ibẹ̀ ni ọmọ ẹgbẹ́ ti ń wo iye owó ẹgbẹ́ tí wọ́n yọ nínú owó oṣù rẹ̀. Ibẹ̀ ni a ti ń wo ìwé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù: ta ló yá owó, èló ló ti san, èló ló kù. Ibẹ̀ náà ni fọ́ọ̀mù ẹ̀sùn wà, èyí tí obìnrin tí súpáfáísọ̀ ń yọ lẹ́nu lè kọ láìjẹ́ pé ó gba iwájú ọ́fíìsì súpáfáísọ̀ náà kọjá. Títí di ìsinsìnyí, abẹ́ ojúlé iléeṣẹ́ ni ti ẹ̀ka wa wà, bí ayálégbé tó ń gbé yàrá kan lẹ́yìn ilé onílé.

Gbogbo yín lẹ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́dún tó kọjá. Ọjọ́ Sátidé ni. Ẹni tó bá ṣí ojúlé náà lórí fóònù, ìkìlọ̀ ló ń rí pé ibi tó ń lọ kò ṣeé fọkàn tán. Olè kọ́ ló wọ ibẹ̀. Ìwé-ẹ̀rí ojúlé náà ló ti kú, kò sì sí ẹni tó tún un ṣe. Kọ́ńtíráktọ̀ tí wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún ti pa fóònù rẹ̀, ó di ọjọ́ Ìṣẹ́gun kí ó tó yọjú. Láàárín ọjọ́ wọ̀nyẹn, awakọ̀ kò rí rósítà wò, ẹni tó yẹ kó wọṣẹ́ àárọ̀ wá lọ́sàn-án. Ta ló wá gba kúẹ̀rì? Awakọ̀ ló gbà á. Akọ̀wé kékeré tó ń jókòó ti kọ̀ǹpútà ní ọ́fíìsì náà gbà á, bẹ́ẹ̀ ẹnì kankan kò kọ́ ọ níṣẹ́ yìí rí. Kọ́ńtíráktọ̀ gba owó rẹ̀ pé.

Nísinsìnyí tí ìgbìmọ̀ ẹ̀ka ti háyà kọ̀ǹpútà tiwa, èyí tí wọ́n ń pè ní sáfà, kí ojúlé wa lè kúrò lábẹ́ ti iléeṣẹ́, kọ́ńtíráktọ̀ kan náà ti kọ lẹ́tà wá. Ó ní òun yóò bá wa ra ìwé-ẹ̀rí lọ́dọọdún, òun yóò ṣe kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ní ọ́fíìsì òun, òun yóò sì máa bá wa tọ́jú rẹ̀. Àwọn kan nínú ìgbìmọ̀ fẹ́ gbà. Ohun tó mú wa kọ èyí ni pé a fẹ́ kí ẹ kọ̀ ọ́.

Kí ni ìwé-ẹ̀rí yìí? Ẹ wo káàdì ìdánimọ̀ tí à ń fi kọ́ àyà ní géètì. Ó ní orúkọ ẹni, ó ní ọjọ́ tí yóò kú, ẹni tí àwọn ẹ̀ṣọ́ géètì sì mọ̀ ló fọwọ́ sí i. Ti ojúlé rí bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Fóònù yín ní àkọsílẹ̀ àwọn tí ó gbà pé ìfọwọ́sí wọn tó gbẹ́kẹ̀ lé. Bí ìwé-ẹ̀rí kò bá ní ìfọwọ́sí ọ̀kan nínú wọn, tàbí ọjọ́ rẹ̀ ti kọjá, fóònù á pariwo. (Àwọn tó ń fọwọ́ sí i náà kì í ṣe áńgẹ́lì o. Ní ọdún 2011, olè wọ iléeṣẹ́ kan tó ń jẹ́ DigiNotar ní orílẹ̀-èdè Netherlands, ó fi òǹtẹ̀ wọn ṣe ayédèrú ìwé-ẹ̀rí ní orúkọ Google, wọ́n sì lo ayédèrú náà fún àwọn ará Iran. Kí oṣù kẹsàn-án ọdún náà tó parí, iléeṣẹ́ náà ti wọko gbèsè.)

Lẹ́yìn ìwé-ẹ̀rí ni kọ́kọ́rọ́ wà, méjì sì ni. Ọ̀kan jẹ́ ti gbangba, inú ìwé-ẹ̀rí ló wà, gbogbo ayé lè rí i. Èkejì jẹ́ ti ìkọ̀kọ̀, sáfà nìkan ló yẹ kó mọ̀ ọ́n. Ẹni tó ní ti ìkọ̀kọ̀ ló lè tẹ òǹtẹ̀ tó fi hàn pé òun ni ojúlé yìí lóòótọ́. Ẹnikẹ́ni sì lè fi ti gbangba yẹ òǹtẹ̀ náà wò. Nítorí náà, ẹni tí kọ́kọ́rọ́ ìkọ̀kọ̀ bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ lè dúró sí ojú ọ̀nà kó ní òun ni ẹ̀ka ẹgbẹ́ yín, fóònù yín á sì gbà á gbọ́ láìjanpata.

Ẹ wá gbọ́ ibi tí ọ̀rọ̀ ti le. Kọ́ńtíráktọ̀ yìí kan náà ló ń tọ́jú Wi-Fi iléeṣẹ́, èyí tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń lò nítorí dátà wọ́n. Bí olóko kọ́kọ́rọ́ wa bá tún jẹ́ olóko ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ wa ń gbà kọjá, kò sí ohun tó ṣòro nínú kó jókòó sáàárín, kó gba ẹ̀sùn lọ́wọ́ ọmọ ẹgbẹ́, kó kà á, kó tó fi ránṣẹ́ sí wa. A kò sọ pé ó ti ṣe é. A kò sọ pé yóò ṣe é. Ohun tí à ń sọ ni pé iléeṣẹ́ ló ń san owó rẹ̀, kò sì yẹ kí obìnrin tó fẹ́ fi ẹjọ́ súpáfáísọ̀ sùn máa gbára lé ìwà rere ẹni tí súpáfáísọ̀ lè pè lórí fóònù. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀.

Àwọn àgbà ẹgbẹ́ tó ti fẹ̀yìn tì yóò rántí àpótí owó ẹgbẹ́ láyé àtijọ́, tó ní àgádágodo méjì tàbí mẹ́ta. Alága ní kọ́kọ́rọ́ kan, akápò ní ọ̀kan, akọ̀wé ní ọ̀kan. Kò sẹ́ni tó gbé kọ́kọ́rọ́ kankan fún káfíńtà tó kan àpótí.

Ìbéèrè tí àwọn tó ń gbè sẹ́yìn kọ́ńtíráktọ̀ ń bi wá ni pé: ṣé àwa òṣìṣẹ́ lè ṣe iṣẹ́ náà fúnra wa? A lè ṣe é. Ìwé-ẹ̀rí tí wọ́n fẹ́ gba owó lọ́wọ́ wa lé lórí, ọ̀fẹ́ ló wà. Láti oṣù kejìlá ọdún 2015 ni Let's Encrypt ti ń fún gbogbo ayé ní ìwé-ẹ̀rí lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹgbẹ́ tí kò wà fún èrè ní Kalifóníà, Amẹ́ríkà, ló ń ṣe é. Sọ́fúwíà tó ń bá wa gbà á, tó sì ń tún un gbà nígbà tó bá fẹ́ kú, ni wọ́n ń pè ní Certbot. Ọ̀fẹ́ ni òun náà. A mọ̀ pé ojú àpá ni òṣìṣẹ́ fi ń wo ohun ọ̀fẹ́, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí kì í ṣe òkùnkùn, gbogbo bí wọ́n ṣe kọ sọ́fúwíà náà ló wà ní gbangba fún ẹni tó bá fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò.

Iṣẹ́ ọ̀hún kò gùn. Ẹ ó wọ sáfà, ẹ ó fi Certbot síbẹ̀, ẹ ó rí i dájú pé orúkọ ojúlé wa ń tọ́ka sí sáfà náà àti pé ilẹ̀kùn tó ń jẹ́ port 80 ṣí, kí Let's Encrypt lè wá kàn án wò pé àwa la ni ín lóòótọ́. Lẹ́yìn náà, bó bá jẹ́ nginx ló ń gbé ojúlé jáde, ẹ ó tẹ certbot --nginx, ẹ ó dáhùn ìbéèrè díẹ̀. Ó tán. Orí sáfà tiwa níbẹ̀ ni ó ti ń ṣe kọ́kọ́rọ́ ìkọ̀kọ̀. Kò fi ránṣẹ́ sí Amẹ́ríkà, kò fi ránṣẹ́ síbì kankan. Ti gbangba nìkan ni Let's Encrypt ń rí. Ẹ fi èyí wé ti kọ́ńtíráktọ̀ tó fẹ́ ṣe kọ́kọ́rọ́ lọ́dọ̀ tirẹ̀, kó wá fi ránṣẹ́ sí wa lórí WhatsApp.

Ọ̀rọ̀ irú kọ́kọ́rọ́ tí a fẹ́ lò náà wà, nítorí lẹ́tà kọ́ńtíráktọ̀ sọ pé RSA ni òun máa ń lò, pé tuntun yìí kò tíì fẹsẹ̀ múlẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọdún 1977 ni àwọn ọ̀mọ̀wé mẹ́ta kan, Rivest, Shamir àti Adleman, ṣe RSA ní Amẹ́ríkà. Agbára rẹ̀ ni pé ó rọrùn láti fi nọ́ńbà ńlá kan sọ òmíràn di púpọ̀, ṣùgbọ́n bí ẹ bá fún ènìyàn ní àbájáde rẹ̀ nìkan, yóò ṣòro fún un gan-an láti mọ nọ́ńbà méjì tí ẹ lò. Ní ọdún 1985, Neal Koblitz àti Victor Miller, tí oníkálukú ń dá iṣẹ́ tirẹ̀ ṣe, mú ọ̀nà mìíràn wá tí wọ́n ń pè ní elliptic curve. Èyí ti lé lógójì ọdún. Ohun tó ti lé lógójì ọdún kì í ṣe ọmọ tuntun mọ́.

Ẹ̀yin awakọ̀ ni ó máa tètè yé. Ẹ fojú inú wo bọ́ọ̀sì kan tó gbéra ní gáréèjì tí gbogbo ayé mọ̀. Ó ní òfin tó ń tẹ̀ lé láti mọ ibùdókọ̀ tó kàn, ṣùgbọ́n bó ṣe ń fò kiri ìlú, ojú lásán kò lè rí ìlànà kankan níbẹ̀. Ó dúró láìmọye ìgbà, ó wá páàkì níbì kan. Ẹni tó wà nínú ọkọ̀ mọ iye ìgbà tó dúró. Ẹni tó kàn bá a níbi tó páàkì sí kò lè mọ̀ ọ́n. Iye ìgbà yẹn ni kọ́kọ́rọ́ ìkọ̀kọ̀. Ibi tó páàkì sí ni kọ́kọ́rọ́ gbangba. Ẹni tó mọ iye ìgbà náà ní ọ̀nà tó yá láti dé ibẹ̀, ṣùgbọ́n iye náà pọ̀ débi pé bí gbogbo kọ̀ǹpútà tí ẹ mọ̀ bá jókòó tì í, ọjọ́ ayé wọn kò ní tó láti kà á.

Nítorí èyí, kọ́kọ́rọ́ elliptic curve tó jẹ́ 256 bíìtì lágbára tó RSA tó jẹ́ 3072 bíìtì. Kékeré ni, ó fúyẹ́, kò sì ni sáfà lára láti tẹ òǹtẹ̀ rẹ̀. Sáfà tí àwa háyà kì í ṣe ti olówó, dátà tí ọmọ ẹgbẹ́ ń rà náà kì í ṣe ọ̀fẹ́, nítorí náà ohun tó fúyẹ́ yẹ wá. Láti ìgbà tí ẹ̀dà 2.0 Certbot ti jáde ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, irú kọ́kọ́rọ́ yìí ló ń ṣe fúnra rẹ̀ bí ẹ kò bá sọ nǹkan mìíràn fún un. Bó bá jẹ́ ẹ̀dà àtijọ́ ló wà lọ́wọ́ yín, ẹ fi --key-type ecdsa kún àṣẹ náà.

Ìkìlọ̀ kan wà níbẹ̀. Nígbàkúùgbà tí a bá fi kọ́kọ́rọ́ yìí tẹ òǹtẹ̀, kọ̀ǹpútà gbọ́dọ̀ mú nọ́ńbà tuntun kan tí ẹnikẹ́ni kò lè méfò. Ní oṣù kejìlá ọdún 2010, níbi ìpàdé ńlá kan ní Berlin, àwọn ọ̀dọ́ kan fi han gbogbo ayé pé nọ́ńbà kan ṣoṣo ni Sony ń lò ní gbogbo ìgbà fún ẹ̀rọ PlayStation 3 wọn. Ìṣirò lásán ni wọ́n fi yọ kọ́kọ́rọ́ ìkọ̀kọ̀ iléeṣẹ́ ńlá bẹ́ẹ̀ síta. Elliptic curve kọ́ ló jẹ̀bi, ọwọ́ tó kọ sọ́fúwíà náà ni. Ìdí nìyẹn tí a fi ní ká lo ohun tí ọ̀pọ̀ ojú ti yẹ̀ wò, ká má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi èyí tó dá kọ nínú yàrá rẹ̀ dán wa wò.

Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n sọ fún yín pé ọ̀rọ̀ ìwé-ẹ̀rí tó kú jẹ́ ọ̀rọ̀ kékeré. Ní ọjọ́ 6 oṣù kejìlá ọdún 2018, íntánẹ́ẹ̀tì orí fóònù O2 ní ìlú Òyìnbó dákẹ́ fún odindi ọjọ́ kan. Ènìyàn tó lé ní mílíọ̀nù 30 ló kàn. Pátákó tó ń sọ ìgbà tí bọ́ọ̀sì yóò dé ní àwọn ibùdókọ̀ Lọ́ńdọ̀nù kò lè sọ ohunkóhun mọ́, nítorí ìkànnì O2 ni ìròyìn rẹ̀ ń gbà wọlé. Lọ́jọ́ kan náà, ọ̀rọ̀ kan náà dé bá SoftBank ní Japan. Kí ló fà á? Ericsson, tó ta ẹ̀rọ fún àwọn méjèèjì, sọ ọ́ lẹ́nu ara wọn pé ìwé-ẹ̀rí kan ló kú nínú sọ́fúwíà wọn. Àwọn ọmọ wa tó ń wa bọ́ọ̀sì ní Lọ́ńdọ̀nù mọ bí èrò ṣe máa ń fi ìbínú bẹ́ẹ̀ pàdé ẹni tó wà nídìí ọkọ̀, bí ẹni pé òun ló gbàgbé ìwé náà.

Ó sì máa le jù báyìí lọ. Ìwé-ẹ̀rí Let's Encrypt kì í tọ́jọ́; 90 ọjọ́ ni èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀. Àwọn olówó tẹ́lẹ̀ máa ń ra ti ọdún kan àti díẹ̀. Ṣùgbọ́n ní oṣù kẹrin ọdún 2025, àwọn tó ń fúnni ní ìwé-ẹ̀rí àti àwọn tó ṣe bùráwúsà fẹnu kò pé láti ọjọ́ 15 oṣù kẹta ọdún 2026, kò gbọdọ̀ ju 200 ọjọ́. Láti oṣù kẹta 2027, 100 ọjọ́. Láti oṣù kẹta 2029, 47 ọjọ́ péré. Kọ́ńtíráktọ̀ tó ń wá lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, báwo ni yóò ṣe ṣe é? Ṣé ìgbà méje tàbí mẹ́jọ lọ́dún ni yóò máa wá, kó sì máa kọ ìwé owó lé wa lọ́wọ́ nígbà kọ̀ọ̀kan? Certbot máa ń wò ó lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ bóyá àkókò ti tó. Bó bá ku nǹkan bí ìdá mẹ́ta ọjọ́ rẹ̀, á gba òmíràn, á sì ṣe kọ́kọ́rọ́ tuntun pẹ̀lú rẹ̀.

Síbẹ̀, ẹ̀rọ tí ń ṣiṣẹ́ fúnra rẹ̀ ń fẹ́ ẹni tí yóò máa bojú wò ó. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nídìí máṣíìnì mọ èyí ju ẹnikẹ́ni lọ. Let's Encrypt máa ń kọ lẹ́tà ìránnilétí sí ènìyàn tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ 4 oṣù kẹfà ọdún 2025 wọ́n ti dáwọ́ rẹ̀ dúró. Nítorí náà, kí ẹnì kan máa tẹ certbot renew --dry-run lẹ́ẹ̀kan lóṣù láti dán an wò, kó tẹ certbot certificates láti rí ọjọ́ tó kù, kó sì kọ ọ́ sínú rẹ́jísítà ẹ̀ka. Èyí kò gbà ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ.

Ti fóònù àtijọ́ ń kọ́? Òótọ́ ni pé ó kan àwọn kan nínú wa. Fóònù Android tí kò tó ẹ̀dà 7.1.1 kò mọ òǹtẹ̀ Let's Encrypt, ètò tí wọ́n sì ń fi gbà wọ́n láyè tẹ́lẹ̀ dópin ní ọjọ́ 30 oṣù kẹsàn-án ọdún 2024. Ẹni tó bá ní irú rẹ̀, kó wò ó bóyá fóònù rẹ̀ ṣì lè gba Firefox, nítorí Firefox ní àkọsílẹ̀ tirẹ̀ tó mọ òǹtẹ̀ náà. Bí kò bá gbà á, kó wá sí ọ́fíìsì ẹ̀ka, a ó bá a wo ìwé rẹ̀. Kó má kàn máa tẹ ibi tí fóònù bá ti ní kó kọjá lọ láìbìkítà. Ọjọ́ tí ayédèrú bá dé, ìkìlọ̀ kan náà ni yóò rí.

A tún ní ọ̀rọ̀ fún máníjà. Òfin ìdáàbòbò ìsọfúnni Nàìjíríà ti ọdún 2023 ní kí ẹni tó bá ń kó ìsọfúnni ènìyàn jọ dáàbò bò ó, ó sì ka jíjẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ mọ́ àwọn ìsọfúnni tó gbẹgẹ́, bíi ti ẹ̀sìn àti ti àìlera. Òfin náà de àwa pẹ̀lú. Nítorí náà, kí wọ́n fagi lé kúẹ̀rì tí wọ́n fún awakọ̀ àti akọ̀wé nítorí ìwé-ẹ̀rí tó kú, kí wọ́n sì yọ ọ́ kúrò nínú fáìlì wọn. Bí wọ́n bá fẹ́ kí akọ̀wé náà máa bojú tó ìwé-ẹ̀rí ti iléeṣẹ́, kí wọ́n kọ́ ọ níṣẹ́ náà lákòókò iṣẹ́, kí wọ́n sì san owó tó tọ́ sí i.

Ìmọ̀ràn tí a ó gbé síwájú ìpàdé gbogbogbòò tó ń bọ̀ nìyí. Kí a kọ lẹ́tà kọ́ńtíráktọ̀ padà pẹ̀lú ọpẹ́. Kí ọmọ ẹgbẹ́ méjì, ọ̀kan láti ẹ̀ka ọkọ̀ àti ọ̀kan láti ilé-ẹ̀rọ, kọ́ iṣẹ́ Certbot. Kí a pààrọ̀ gbogbo ọ̀rọ̀ aṣínà sáfà lọ́jọ́ tí wọ́n bá gbà á, nítorí ẹni tó bá lè wọ ibẹ̀ gẹ́gẹ́ bí root ni ọ̀gá kọ́kọ́rọ́, bó ti wù kí kọ́kọ́rọ́ náà lágbára tó. Kí a kọ ọ̀rọ̀ aṣínà tuntun sínú ìwé, kí a lẹ̀ ẹ́ nínú àpò ìwé, kí alága àti akápò fọwọ́ sí ẹ̀yìn rẹ̀, kí a sì tì í mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù ẹ̀ka.

Kí ẹni tó bá fẹ́ wà lára àwọn méjì náà fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ akọ̀wé ẹ̀ka kí ìpàdé tó bẹ̀rẹ̀. A kò béèrè ìwé ńlá. Ẹni tó bá lè kà, tó sì ní sùúrù láti tẹ ohun tí a kọ fún un bó ṣe wà, ó tó. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣiṣẹ́ òru, ẹ má fòyà, ẹ̀ẹ̀mejì ni a ó ṣe ẹ̀kọ́ náà, ní àárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́.